Káàdì Tí Nélida Dá Padà

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún un sọ," ni Líber, akọ̀wé tó jókòó lẹ́yìn tábìlì, wí. "Ẹ fẹ́ gba káàdì tuntun?"

"Rárá o. Mo fẹ́ dá èyí padà ni."

Nélida Bentancor gbé káàdì oúnjẹ ìjọba náà síwájú Líber. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń fi í ra ìrẹsì àti mílíìkì nílùú Salto. Líber ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì kan, ó tì í, ó ṣí òmíràn.

"Kò sí fọ́ọ̀mù fún un, mà. Ẹnikẹ́ni ò dá a padà rí."

Zulma, aládùúgbò Nélida tó tò sẹ́yìn rẹ̀, fà á láṣọ. "Nélida, ṣé orí ẹ pé? Ta ló ń dá nǹkan padà fún ìjọba?"

"Owó oṣù mi ti kọjá ti ẹni tó ń gba káàdì." Ó yíjú sí Líber. "Ilé onílé ni mò ń tọ́jú. Ìgbà tí mo wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, wọ́n mú kí ọ̀gá mi forúkọ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Owó mi pọ̀ sí i, èmi àti ọ̀gá mi sì ń san owó ìfẹ̀yìntì sápò ìjọba lóṣooṣù."

Líber rẹ́rìn-ín. "Wọ́n mà ní ẹgbẹ́ yín ló ń gbọ́n àpò ìjọba gbẹ!"

"Ọmọ mi, kí n tó wọ ẹgbẹ́, ìjọba ló ń bọ́ mi. Ní báyìí, èmi náà ń bọ́ ìjọba. Kò tiẹ̀ dúpẹ́!"

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá ìjọba!" ni bàbá kan pariwo láti ẹ̀yìn. Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Líber fa bébà funfun kan yọ, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé: Ó dá a padà tayọ̀tayọ̀. Òun àti Nélida fọwọ́ sí i.

Zulma gba káàdì tuntun tirẹ̀, òun àti Nélida sì jọ gba etí odò lọ. Nínú òtẹ́ẹ̀lì kan ni Zulma ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì láti ọdún mẹ́jọ, kò sórúkọ rẹ̀ níwèé kankan.

"Bí wọ́n bá lé ẹ kúrò níṣẹ́ lọ́la ńkọ́?" ni ó bi Nélida.

"Orúkọ mi wà níwèé. Ìjọba á máa fún mi lówó títí n ó fi ríṣẹ́ míì. Ìwọ ńkọ́?"

Zulma ní: "Bí ọ̀gá mi bá gbọ́ pé mo wọ ẹgbẹ́ ńkọ́?"

"Á gbọ́. Ṣùgbọ́n o ò ní dá kojú ẹ̀."

Zulma ki káàdì tuntun rẹ̀ bọ àpò.

"Ìpàdé ẹgbẹ́ yín yẹn," ni ó wí, "agogo mélòó ni?"