Adìyẹ Tí Òjò Pa

"Ṣé o máa bá mi parí ẹ̀ àbí o ò ní í bá mi parí ẹ̀?"

Ọ̀gá aránṣọ ló ń bi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Adìyẹ-Òjò ń wo ọwọ́ ọ̀tún ọ̀gá rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì dì. Balùwẹ̀ ni ọ̀gá yọ̀ ṣubú sí. Aṣọ ìbora onípele mẹ́ta wà lórí ẹ̀rọ. Ọ̀gá ti fi òwú rán àwòrán ìyẹ́ sí ìdajì rẹ̀, ìdajì yòókù ṣì funfun báláú. Lọ́la ni ìyá ọkọ ọmọ ọ̀gá ń bọ̀ wá gbé e, obìnrin tí kì í rí iṣẹ́ ẹlòmíì kó má yínmú.

Ọ̀gá ló sọ ọmọ iṣẹ́ yìí, bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, ní Adìyẹ-Òjò lọ́jọ́ tó gbé ìyẹ́ àkọ́kọ́ tó rán wá. Ọ̀gá nà án sókè lójú àwọn oníbàárà.

"Ẹ bá mi wo adìyẹ tí òjò pa!"

"Ó kù ká fi se ọbẹ̀!" oníbàárà kan dáhùn. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín.

"Tú u," ni ọ̀gá wí. Oṣù méje ló fi ń tú u. Bí abẹ́rẹ́ bá rán etí ìyẹ́ kan tán, ojú ìlà yẹn náà ló gbọ́dọ̀ gbà padà. Bí ìlà bá di méjì, "Tú u." Ọ̀gá ti gbàgbé. Ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Adìyẹ-Òjò jókòó, ó tẹ ẹ̀rọ. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ pàdé ti ọ̀gá ní igun, ó dáwọ́ dúró, ó gbé aṣọ náà sún mọ́ fèrèsé. Ìyẹ́ mẹ́ta nínú ti ọ̀gá, ìlà méjì-méjì.

"Ọ̀gá, ta ló rán èyí?"

"Ta ló ń wo igun? Ojú ló ń dùn mí lọ́jọ́ yẹn. Bá mi tún un ṣe, ọmọ dáadáa."

Òní ló wá di ọmọ dáadáa! Ó rán tirẹ̀ dópin, kò sí ìlà kan tó di méjì. Ó já òwú, ó mú bíléèdì, ó gbé e lé igun náà níwájú ọ̀gá.

"Ẹ tú u, mà."

"Èmi? Ọwọ́ wo ni kí n fi tú u?"

"Tòsì ò ṣe nǹkan kan, mà."

Ọ̀gá wo ojú rẹ̀ títí, bóyá ẹ̀rín wà níbẹ̀. Kò sí.

"O ń gbẹ̀san."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ọ̀gá fi ọwọ́ òsì mú bíléèdì. Òwú àkọ́kọ́ já. Adìyẹ-Òjò fa àga sún mọ́ ọn, ó káwọ́ gbera. Ó máa tún un rán fún un tó bá tú u tán. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ mẹ́ta ni, ọ̀kan ò sì tíì tú tán.