Ọkọ̀ Tí Ẹni Tó Ń Tà Á Ń Bú

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kejì, ìyàwó bàbá kan kú. Kí oṣù kẹrin tó wọlé, bátìrì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ obìnrin náà ti kú tẹ̀ lé e.

Bàbá náà kò mọ ọkọ̀ wà. Ó ṣe akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ omi títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó mọ ìwé, ó mọ òfin, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ló ń jókòó sí láyé rẹ̀. Ìyàwó ló ń wà á, òun ló ń pàṣẹ. Nígbà tí àwọn ọmọ wá ní kí wọ́n ta ọkọ̀ náà kó tó di àwókù, kò rí àwíjàre kankan wí. Ó ṣèlérí fún Ìyá Kékeré, àbúrò ìyàwó rẹ̀, pé ẹni àkọ́kọ́ tó bá fẹ́ ẹ lòun máa tà á fún. Bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ kó lọ. Àràárọ̀ ló ń jókòó nínú rẹ̀ ní àyè tirẹ̀, tí yóò ti ilẹ̀kùn, tí yóò sì máa wo iwájú. Kì í sì í yẹ àdéhùn. Adìẹ bà lókùn. Ohun kan ṣoṣo tó lè gbà á ni pé kí ẹnikẹ́ni má fẹ́ ọkọ̀ náà.

Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́kọ́ wá, ọmọbìnrin tó ń rọra sọ̀rọ̀, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn tó jìnnà sílé rẹ̀. Ìyá Kékeré gbé àga wá sí ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó bí ẹni tó wá wo eré. Bàbá sì bẹ̀rẹ̀.

Ó ní rédíétọ̀ ń jò. Wọ́n ti jó o pọ̀ títí, kò gba jíjó mọ́, tuntun ló kù, owó rẹ̀ ò sì kéré. Ó ní ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì ti kú. Bí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò, eyín ẹni ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Ó ní bíréékì ń han, gíláàsì ẹ̀yìn kì í wálẹ̀, bó bá sì ṣèèṣì wálẹ̀, kì í gòkè mọ́ àfi tí wọ́n bá tú ilẹ̀kùn. Ó ní ẹ́ńjìnnì ń mu ọ́ìlì. Ó ń dárúkọ iye tí mẹkáníìkì ń gbà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka ẹ̀sùn sí ọ̀daràn lẹ́sẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Ìyá Kékeré wí, "wọ́n ní kẹ́ ẹ tà á ni o, wọn ò ní kẹ́ ẹ rojọ́ rẹ̀."

 Bàbá bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọkọ̀ sì ń mì lọ mì bọ̀ bí ọ̀mùtí. Àmọ́ bó ṣe ń bú u tó ni ojú ọmọbìnrin náà ń tàn tó. Ó ní gbogbo ọkọ̀ tí òun ti lọ wò, àwọn tó ni wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Ọ̀kan tilẹ̀ ṣì ń búra nígbà tí èéfín ti bo òun àti ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní ti bàbá yìí, ó kéré tán, òun mọ ohun tí òun fẹ́ tún ṣe àti iye tó máa ná òun.

 Nígbà tí nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, Ìyá Kékeré fa bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Bẹ́ ẹ ṣe ń bú u yẹn, ẹ ń tà á ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó sá lọ, ẹ ní kò ní àléébù kankan."

"Irọ́ nìyẹn."

"Ẹ jókòó ti òótọ́ yín nígbà náà."

Bàbá wá fa èyí tó burú jù yọ. Ó ní gíà ń ta ọkọ̀ nípàá bó bá fẹ́ yí sí ìkejì, mẹkáníìkì sì ti ní odindi gíà ni wọ́n máa pààrọ̀, owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ronú díẹ̀, ó ní kí àwọn wà á wò.

Wọ́n yá bátìrì aládùúgbò. Ọkọ̀ wúkọ́, ó jí. Nọ́ọ̀sì bọ́ sí àyè awakọ̀, bàbá bọ́ sí àyè tirẹ̀, wọ́n sì bọ́ sí títì. Kí gíà tó yí, ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ láti ọjọ́ tí wọ́n ra ọkọ̀ náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀:

"Gbé ẹsẹ̀ díẹ̀. Jẹ́ kó yí tán. Ó yá, tẹ̀ ẹ́."

Ìyàwó rẹ̀ kò gbé ẹsẹ̀ rí. Yóò ní kí ọ̀gá awakọ̀ tí kò ní láísẹ́ńsì jọ̀wọ́ máa wo ojú fèrèsé, yóò sì tẹ̀ ẹ́ sí i. Ọkọ̀ yóò fò, orí bàbá yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì, ìjà yóò bẹ̀rẹ̀, ìjà náà ni yóò sì sìn wọ́n dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Ọmọbìnrin náà gbé ẹsẹ̀. Gíà yí bí ẹni tó yí ẹ̀gbẹ́ padà lójú oorun.

"Ẹ ṣeun, sà," ló wí, ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní oríta tó tẹ̀ lé e.

Kò sí nǹkan tó ṣe gíà náà. Bàbá ló jàre láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó yíjú sí awakọ̀ láti wí i, nọ́ọ̀sì ló rí.

Wọ́n rìn dé ìdí afárá, wọ́n ṣẹ́rí padà. Ohun tó bá ní kó ṣe ló ń ṣe. Nígbà tó yá, bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí àlejò.

Nígbà tí wọ́n délé, Ìyá Kékeré béèrè bí gíà ṣe ṣe.

"Gíà dára," ni bàbá wí. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ni kì í gbọ́ràn."

"Ẹ wá dúró dìgbà tó kú kẹ́ ẹ tó jàre rẹ̀."

Bàbá fẹ́ fajú ro. Ẹ̀rín ló jáde, ẹ̀rín náà sì pẹ́ kó tó lọ. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí nọ́ọ̀sì.

"Máa gbé e lọ. Màá yọ owó rédíétọ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gba owó gíà lọ́wọ́ rẹ, sọ fún un pé mo ní irọ́ ló ń pa."

Ohun tó ṣẹ́kù nígbà tí ọkọ̀ lọ nìyí: ilẹ̀ gbígbẹ kan tó gùn tó ọkọ̀, tí koríko ò hù sí. Bíríkì méjì tí wọ́n fi ń há táyà. Jígí ojú kan. Súìtì tó ti yọ́ mọ́ bébà rẹ̀. Bàtà pẹlẹbẹ tí ìyàwó fi ń wakọ̀. Ti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti jẹ níwájú. Agboòrùn dúdú kan, tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú ilé.