Kíláàsì Ìyá Jẹ́jẹ́

Ìyá Jẹ́jẹ́ kò ní pàṣán, kì í sì í jágbe mọ́ ọmọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ jéléósinmi, ohun tó sì fi ń yangàn kò ju ọ̀kan lọ: bí ariwo kíláàsì bá ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rẹ ohùn tirẹ̀ sílẹ̀, títí yóò fi dà bí ẹni tó ń sọ àṣírí. Ọmọ tó bá fẹ́ mọ ohun tí Tíṣà ń wí á pa ẹnu mọ́ tipátipá. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ́ òfin kíláàsì lọ́dọ̀ rẹ̀: dìde tí àlejò bá wọlé, nawọ́ kí o tó sọ̀rọ̀, má ṣe já nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tíṣà tí ohùn wọn ti há ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n ń fi ọmọ tiwọn sí.

Agbẹ̀yìn nìkan ni ọgbọ́n yìí kò mú. Àwọn ọmọ kíláàsì ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, torí ìgbà tí gbogbo wọn bá ti dìde tán ni yóò tó wo ọ̀tún, wo òsì, kí òun náà tó dìde. Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ tó ń jó irin pọ̀ kọ́kọ́ mú un wá, ilẹ̀ ni bàbá náà ń wò bó ṣe ń bá Tíṣà sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ yìí kì í gbọ́ o."

Ìyá Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń gbọ́ nínú wọn? Ẹ fi í sílẹ̀, á gbọ́ níbí."

Ojú bàbá náà tàn. Ó dúpẹ́ títí kó tó lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti bàjẹ́. Ọmọ tí kò bá tẹ̀lé òfin, ìjókòó rẹ̀ ni wọ́n máa ń sún sẹ́yìn, kó lè ronú. Wọ́n sún Agbẹ̀yìn títí ó fi kan ògiri. Bí bàbá rẹ̀ bá wá mú un lọ́sàn-án, Tíṣà á ní, "Ọmọ yín kò mà gbọ́ o." Bàbá á ní, "Mo kúkú ti sọ fún yín, mà. Ẹ ṣáà máa mú un mọ́ra." Àwọn méjèèjì á wá mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yé.

Ọ̀gá ilé-ìwé ní bí ọmọ náà kò bá yí padà kí wọ́n tó gba ọlidé, kó lọ wá ibòmíràn. Ìyá Jẹ́jẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún un. Ó fẹ́ràn ọmọ náà, ká má purọ́ mọ́ ọn. Ó wá tún rẹ ohùn sílẹ̀ sí i.

Ọlidé dé, Ọ̀gá sì ti fún ọmọ mìíràn ní àyè Agbẹ̀yìn. Bàbá wá mú un. Ọmọ náà kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó ń kó ìwé sínú báàgì. Bàbá kò pè é, ẹsẹ̀ ló fi lu ilẹ̀ gbì. Ọmọ náà yíjú padà, ó sáré wá.

"Kí ló dé tí ẹ ò pè é?" Tíṣà bi í.

"Mà? Etí wo ló máa fi gbọ́?" Bàbá wò ó lójú fún ìgbà àkọ́kọ́. "Mo ní kì í gbọ́, ẹ ní á gbọ́ níbí. Mo rò pé irú iṣẹ́ yín nìyẹn. Ibi kẹta tí wọ́n ti lé e nìyí."

 Ìyá Jẹ́jẹ́ sáré tọ Ọ̀gá lọ, ó ṣàlàyé, ó tún bẹ̀bẹ̀.

"Tó bá jẹ́ etí ni, ìyẹn tiẹ̀ burú ju oríkunkun lọ," Ọ̀gá wí. "Ta ló máa kọ́ ọ níbí? Ṣé ẹ̀yin tí ẹni tó wà níwájú ò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ohùn yín?"

Ìyá Jẹ́jẹ́ padà sí kíláàsì. Nígbà tó dé ibẹ̀, bàbá ti gbé báàgì kọ́ èjìká. Tíṣà ní kí wọ́n dúró díẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ níwájú ọmọ náà. Ó fẹ́ pariwo, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀, kí ọmọ náà lè mọ̀ pé kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó gbé ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀.

Ọmọ náà di ojú, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo etí.

"Ẹ má bínú sí i, mà," bàbá rẹ̀ wí. "Ilé-ìwé tó ti lọ rí, wọ́n máa ń fa etí rẹ̀ ni."

Ìyá Jẹ́jẹ́ fẹ́ rọra ká ọwọ́ náà kúrò. Ọmọ náà tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí sí i.