Káàdì Tí Wàlíyátù So Mọ́ Etí Ìró

Ní ilé Wàlíyátù ní Màsífà, ọmọbìnrin tó bá lóyún àkọ́bí, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń wá bímọ sí. Ó ti tún yàrá ṣe, ó ti to igi ìdáná jọ sẹ́yìnkùlé, kí Ràshídátù ọmọ rẹ̀ tó wá sọ fún un pé Èjìgbò lòun máa bímọ sí.

"Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan, Màámi. Káàdì ìlera mi ló fà á."

Wàlíyátù tú etí ìró rẹ̀, ó yọ káàdì kan jáde, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ti Kàdíjà ni, ẹ̀gbọ́n Ràshídátù. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì tí àwọn méjèèjì jọ ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà, tí Ràshídátù ṣì wà títí dòní, ló fún un. Lọ́jọ́ tí Kàdíjà ń rọbí, ọmọ kọ̀, kò wálẹ̀. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù. Wọ́n yẹ káàdì wò, owó ìtọ́jú ibà àti ọgbẹ́ nìkan ló ń san. Kí ìyá tó sáré yáwó dé, Kàdíjà ti lọ, tòun tọmọ inú rẹ̀.

"Káàdì lòun náà gbé dání."

"Mo mọ̀, Màámi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ti ìjọba kún ti ilé iṣẹ́. Bí èésú ló rí. Gbogbo wa là ń dá a, ẹni tí àìsàn bá kàn ló ń kó o."

"Ẹni tí ara rẹ̀ bá le ńkọ́?"

"Kò ní kó nǹkan kan."

"Èésú tí èèyàn ń dá, tó tún ń gbàdúrà kó má kan òun!"

Ràshídátù rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Káàdì náà kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí èèyàn rà á, ó ní iye oṣù tó ń lò kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tèmi ti pé oṣù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọsibítù kan ṣoṣo ni wọ́n ní ká mú. Èyí tí mo mú, Èjìgbò ló wà."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Wàlíyátù gun ọ̀kadà lọ sí ọsibítù náà. Al-Ameen, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń rí sọ́rọ̀ káàdì, ló bá níbẹ̀.

"Ọmọ mi, tí wọ́n bá ní iṣẹ́ abẹ ni?"

"Ó wà níbẹ̀, Màmá."

"Tó bá bọ́ sọ́jọ́ ìsinmi?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Tó bá jẹ́ pé o ò sí níbí?"

"Màmá, èmi kọ́ ni mo fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ!"

Bó ṣe délé ló di igi ìdáná rẹ̀, ó gbé ìkòkò tó fẹ́ fi máa se omi ìwẹ̀ ìyá ọmọ, ó kó wọn lọ sí yàrá tí Ràshídátù ń gbé l'Éjìgbò, nítorí Àbíjàn ni ọkọ Ràshídátù wà.

"Wàlíyátù, àbí ìwọ lo fẹ́ bímọ ni?" ni àwọn aládùúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Bọ́mọ ò bá lè wálé, ilé á lọ bá a."

Ọjọ́ ìrọbí dé. Ọmọ kọ̀, kò wálẹ̀. Dókítà tún ní iṣẹ́ abẹ ló kù. Nọ́ọ̀sì nawọ́ pé kí wọ́n mú káàdì wá. Wàlíyátù tú etí ìró, ó fa káàdì yọ. Nọ́ọ̀sì kà á, ó gbójú sókè.

"Màmá, ta ni Kàdíjà?"

Wàlíyátù tún ti ọwọ́ bọ etí ìró. Ó fa káàdì Ràshídátù, tó so mọ́ ọn pẹ̀lú, yọ. Nọ́ọ̀sì gbà á, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá ti àkọ́kọ́ padà fún un, kò bi í léèrè mọ́. Wọ́n gbé Ràshídátù wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ilẹ̀kùn tì.

Wàlíyátù jókòó, ó ń retí ẹni tí yóò jáde wá ní kó lọ wá owó. Kò sẹ́ni tó jáde. Nígbà tó pẹ́, ilẹ̀kùn ṣí. Ó dìde fìrì.

"Èló ni?"

"Obìnrin ni, Màmá," nọ́ọ̀sì wí.

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti lajú. Ẹ̀yin ló ń béèrè."

Wàlíyátù so káàdì Kàdíjà padà mọ́ etí ìró, ó fà á le. Ìgbà yẹn ni ẹkún tó ti wà nínú rẹ̀ látọdúnmọ́dún wá jáde, ó sì sun ún títí tí wọ́n fi gbé ọmọ lé e lọ́wọ́.