Bátìrì Bàbá Nọ́ọ̀sì

Ní ilé wa ní Ìwéré-Ilé, bátìrì ló kọ́kọ́ ń jí. Kí n tó kúnlẹ̀ kí bàbá mi láàárọ̀, wọn á ti tú u kúrò nínú òwú, wọn á ti fi sípírítì nù ún, wọn á sì ti gbé e yẹ̀ wò bí ìyàwó tuntun. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó dá mi lóhùn.

Bátìrì awò ìbọn ni. Rótìmí, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà, ló fi awò náà ránṣẹ́ lọ́dún kẹta sẹ́yìn. Orí ìbọn ni wọ́n dè é mọ́. Tí wọ́n bá tàn án, kókó iná pupa kan á yọ nínú jígí rẹ̀, ibi tí kókó náà bá bà lé ni ọta ìbọn ń lọ. Bátìrì pẹlẹbẹ kan tí kò tóbi ju kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ ló ń gbé iná náà.

Èmi Olúwafọlákẹ́mi, nọ́ọ̀sì ni mí nílé ìwòsàn kan ní Ṣakí, níbi tí a ti ń tọ́jú ojú. Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń wálé. Nítorí mi ni ìlú ṣe ń pe bàbá mi, Ìyápọ̀ ọdẹ, ní Bàbá Nọ́ọ̀sì. Nǹkan funfun sì ti bo ojú Bàbá Nọ́ọ̀sì méjèèjì. Olójú kì í lajú sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ kó wọ̀ ọ́, àmọ́ tàlùbọ̀ ojú bàbá tèmi ti kọ́lé, ó ti fẹ̀yìn tì.

Mo ra fítámìnì ojú fún wọn. Wọ́n da fítámìnì fún adìẹ, wọ́n fi ike rẹ̀ kó bátìrì sí. Ní agbo ilé wa, àwọn adìẹ nìkan ló ń ríran kedere.

Ike yìí ni wọ́n so mọ́ ọrùn amù, kí ooru má baà mú bátìrì. Bátìrì kò gbọdọ̀ sùn nínú awò, nítorí ó lè sun omi, kí omi náà sì jẹ irin inú awò. Tuntun kò gbọdọ̀ bá ògbólógbòó gbé. Kọ́kọ́rọ́ kò gbọdọ̀ fara kàn án nínú àpò. Bí bàbá mi ṣe ń kọ́ àwọn ọdẹ nípàdé nìyẹn, àwọn yẹn á sì máa mi orí. Gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà o, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ṣakí. Iṣẹ́ abẹ náà kò gba ààbọ̀ wákàtí."

Wọ́n ní, "Fọlákẹ́, ta ni wọ́n á lẹ òwú mọ́ lójú tí wọ́n á tún fi jẹ Olúọdẹ?"

Olúọdẹ wa ti kú, oyè ti kàn wọ́n, ẹ̀yìn ọdẹ oṣù Ṣẹẹrẹ ni ìwúyè. Lọ́dún yìí, àwọn olóko kaṣú ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáná sungbó. Dípò iná, ènìyàn ni yóò wọ inú igbó lọ máa pariwo kí ẹran lè jáde sí àwọn oníbọn létí igbó. Wàsíù ló máa ṣáájú àwọn tó ń lé ẹran, bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin, tí ikọ́ kì í fi sílẹ̀ tí ọyẹ́ bá ti dé.

Bàbá mi kò mọ ewúrẹ́ yàtọ̀ sí àpótí ìjókòó nínú àgbàlá. Mo rò ó pé wọ́n fẹ́ gbé ìbọn kọjú sí igbó tí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Wọ́n máa pa ọmọ ọlọ́mọ ni.

Láàárọ̀ Sátidé, ọjọ́ ọdẹ náà gan-an, bí wọ́n ṣe fi bátìrì sínú awò tán tí wọ́n lọ wẹ̀, mo yọ ọ́, mo sọ ọ́ sápò. Mo mọ bàbá mi. Láìsí kókó pupa, wọn kò ní yìnbọn.

Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ọdẹ dé. Àdìgún, ọ̀rẹ́ bàbá mi, ló ròyìn: ìgalà ńlá kan jáde síwájú Bàbá Nọ́ọ̀sì gan-an, wọ́n gbé ìbọn, wọ́n dijú kan, wọ́n tún sọ ìbọn kalẹ̀. Wọ́n ní bátìrì ti kú.

Àgbà ọdẹ mẹ́sàn-án wá jókòó yí ìbọn ká lábẹ́ máńgòrò wa bí ẹni ń ṣòfọ̀.

Àdìgún ní, "Ẹ sá a sórí páànù. Ṣebí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń jí bátìrì tọ́ọ̀ṣì nígbà èwe wa."

Ẹnìkan ní eyín ni kí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Wàsíù ní, "Ọyẹ́ ló mú un. Bátìrì òyìnbó ò lè fara da ọyẹ́." Bátìrì tó wá láti Kánádà, níbi tí yìnyín ti ń bọ́, Ìwéré-Ilé ni òtútù ti wá pa á! Mo ń gbé omi fún wọn mu, bátìrì ń bẹ lápò mi. Nínú àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, kò sí ẹnìkan ṣoṣo tó ṣí awò wò. Wọ́n fi odindi wákàtí kan wádìí ikú láìbèèrè òkú.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo lọ bá bàbá mi. Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo mú bátìrì jáde. Wọ́n gbà á, wọ́n fọwọ́ pa á.

"Àpò kan náà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lo fi í sí?"

"Bàbá, olè ni mo jà, kọ́kọ́rọ́ lẹ rí?"

"Mo mọ̀ pé kò sí nínú awò," wọ́n ní. "Kí n tó jáde nílé ni mo ti mọ̀."

"Kí lẹ wá gbé ìbọn lọ fún?"

 Wọ́n fa ìbọn, wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n gbé e sí mi lójú. Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ni mo rí lódìkejì. Kò sí ọta nínú rẹ̀.

"Láti ọdún tó kọjá ni kò ti sí," wọ́n ní. "Nínú ọyẹ́ èṣí, mo rí ìgalà kan tó ba nínú pápá. Mo gbé kókó pupa lé e láyà, ìka mi ti fẹ́ fà á. Ìgalà bá wúkọ́."

Wọ́n tú ike bátìrì kúrò lọ́rùn amù.

"Wàsíù ni. Kò mọ̀ títí dòní. Tí mo bá sọ pé ojú mi ni, wọ́n á gba ìbọn lọ́wọ́ mi, wọ́n á gba oyè mọ́ ọn. Tí mo bá sọ pé bátìrì ni, wọ́n á bá mi wá òmíràn." Wọ́n sọ bátìrì sínú ike, wọ́n dé e. "Ìwọ nọ́ọ̀sì ojú, o ò sì rí i pé ó lé lọ́dún kan tí mi ò pa èkúté wálé."

N kò rí i. Ojú tì mí gidigidi. Inú sì tún bí mi, nítorí wọ́n ti fi ohun tó lé lọ́dún kan purọ́ kí wọ́n má baà fi ààbọ̀ wákàtí sùn sórí bẹ́ẹ̀dì.

Mo ní, "Lọ́jọ́ Ajé, à ń lọ sí Ṣakí."

Ẹ gbọ́ ohun tí bàbá mi fi fèsì: "Kí la máa sọ fún àwọn ọdẹ?"

Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú kan fún bàbá mi ní Ṣakí, Wàsíù wọ bọ́ọ̀sì wá, iṣu mẹ́ta lọ́wọ́, eruku ọ̀nà lára. Bàbá mi jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, òwú bo ojú kan, wọ́n sì ń fi èkejì wá ibi tí mo wà.

Wàsíù ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Kí ló ṣe Bàbá lójú?"

Mo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Mo tún wo àyà rẹ̀. Mo ní, "Bátìrì ló sun omi sí wọn lójú."

Ó mi orí. "Bátìrì burúkú! Ṣebí Bàbá ti kìlọ̀ fún wa. Mo ti sọ ọ́ nípàdé pé kò sẹ́ni tó tún mọ nǹkan ọdẹ tọ́jú tó wọn, pé ẹ̀mí gbogbo wa tí à ń wọ inú igbó, ọwọ́ wọn ló wà."

Eruku bọ́ sí i lọ́fun, ó bá wúkọ́. Bàbá mi kọjú sí ògiri.