Ìdajì Rárà Tó Kù Lẹ́nu Bákàrè

Rárà tí Bákàrè sun fún àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Gáná ni Rilwan kọ sínú ìwé, tó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i lẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n nígbà náà ní àdúgbò Asawase, ní Gáná níbẹ̀. Bákàrè ti fi ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ láti bá bàbá rẹ̀ tajà. Rilwan ló mọ̀wé. Nígbà tí Bákàrè bi í léèrè, ẹ̀rín ló fi dá a lóhùn.

"Ohun tí ẹnu sọ, afẹ́fẹ́ ló ni ín. Èmi tí mo kọ ọ́ ni mo ni ín."

Àmọ́ ìdajì péré ló rí kọ. Ìdajì kejì, níbi tí Bákàrè ti ki àwọn tó kú sójú ọ̀nà, tòun ti ìyá tó bí i, kò tíì dé etí ẹnìkan. Bákàrè búra pé òun kò níí sun ún débẹ̀ láéláé, àfi tí Rilwan bá jẹ́wọ́ ní gbangba. Àmọ̀pé, ìyàwó Bákàrè, bẹ̀ ẹ́ títí, ó bẹ̀bẹ̀ wọ sàréè.

Nígbà tí àwọn méjèèjì ti darúgbó, lọ́sàn-án Sátidé kan, àwọn ọ̀dọ́ pe Rilwan sí gbọ̀ngàn kan ní Ashanti New Town, kí wọ́n lè ké ewì rẹ̀. Kí Bákàrè tó jáde nílé, ó dán rárà náà wò lábẹ́ ètè. Ó dé ibi tí ìwé parí sí, ó la ẹnu, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ náà ló já sí. Orúkọ ìyá rẹ̀ nìkan ló kù, kò rántí ohun tó fi kì í.

"Papa, yɛnkɔ, ẹ jẹ́ ká lọ," Zàhràh ọmọ rẹ̀ pè é. "Àbí ẹ tún fẹ́ bínú jókòó sílé ni?"

Ní gbọ̀ngàn, Látífàt, ọmọge kan, ń wo fóònù ké rárà náà bí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń pe èrò tó ń lọ Tamale. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Bàbá," ó bi Rilwan, "ó dà bíi pé kò parí. Ìyókù ńkọ́?"

Rilwan wò yíká. Ojú rẹ̀ bá Bákàrè lẹ́yìn. Bákàrè mi orí fún un pé kó má sọ ọ́, kó jọ̀ọ́. Rilwan rò pé ìbínú àtijọ́ ni. Ó fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde.

"Èmi kọ́ ni mo ni ín," ó wí. "Mo jí i lẹ́nu Bákàrè, ọ̀rẹ́ mi. Òun ló jókòó sẹ́yìn yẹn. Ìyókù wà lẹ́nu rẹ̀."