Wáyà Dúdú Ọkọ̀ Bàbá Wa

Ràṣídì ọ̀rẹ́ mi, mo lá àlá kan mọ́jú. Mo ń pààrọ̀ wáyà bátìrì ọkọ̀ bàbá wa. Wáyà dúdú, tí a máa ń dè gbẹ̀yìn mọ́ irin ọkọ̀, ló kù. Mo ha ọ̀dà kí n lè rí irin tí iná máa gbà, ọ̀dà mìíràn ló tún wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, tó jókòó nídìí ìtọ́kọ̀, ní kí n fọwọ́ di wáyà náà mú, pé á ṣiṣẹ́. Mo dì í mú. Ọkọ̀ sítáàtì lóòótọ́. Ó wà á lọ, kò bojú wẹ̀yìn, wáyà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

N ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe gbé ọkọ̀ náà lọ lójú ayé nìyẹn, lọ́jọ́ tí mo tún un ṣe tán. Láàárọ̀ yìí ló pè mí pé kò sítáàtì mọ́, kí n wá.

Wò ó, irinṣẹ́ mi rè é lọ́wọ́ mi.